Láti Etí Òkun Èkó dé Òkè Olúmọ: Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ọmọ Ilé-Ìwé ní Ìtàn Ilẹ̀ Abẹ́ Ẹsẹ̀ Wọn

Orúkọ lásán ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń kó jáde nínú ẹ̀kọ́ Geography nípa òkúta: igneous, sedimentary, metamorphic. Wọ́n á há a sórí, wọ́n á dà á sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ó parí náà nìyẹn. Àwòrán tó wà nínú ìwé wọn sì lè jẹ́ ti òkè kan ní Amẹ́ríkà tàbí Ítálì. Ó ká mi lára, nítorí ilẹ̀ tiwa gan-an rọrùn láti fi kọ́ni ju gbogbo àwòrán yẹn lọ. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Èkó tó sọ̀ ní Abẹ́òkúta ti kọjá lórí iyanrìn tí ìgbì kó dé lánàá, ó ti kọjá lórí ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́, ó sì ti fẹsẹ̀ tẹ àpáta tó ti wà kí ẹranko kankan tó ní eegun lára. Ìrìn náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju 100 kìlómítà lọ.

Olùkọ́ tí kò ní yàrá ìwádìí, tí iná ilé-ìwé rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, tí owó dátà sì ń dùn ún, òun ni mo kọ èyí fún. Ìlànà kan ni mo dì mú nínú gbogbo rẹ̀: kí ọwọ́ ọmọ kan òkúta kí ojú rẹ̀ tó kan fóònù. Àwọn máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ lásán ni wọ́n jẹ́ lójú ọmọ tí kò tíì gbé òkúta dání rí.

1. Ẹ mú ojú ọ̀nà kan ṣoṣo

Ẹ má gbìyànjú láti kọ́ gbogbo Nàìjíríà pa pọ̀. Ẹ mú ọ̀nà kan tí àwọn ọmọ ti ń gbọ́ orúkọ àwọn ìlú tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, nítorí pé bí a bá ṣe ń kúrò létí òkun tó, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń dàgbà sí i tó. Ohun tí ẹ máa bá lójú ọ̀nà nìyí.

Ní etí òkun àti ọ̀sà, iyanrìn òde òní ni. Ìgbì ń gbé e láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn lójoojúmọ́. Nígbà tí ìjọba òyìnbó kọ́ ògiri òkúta wọ inú òkun ní ẹnu èbúté Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ògiri yẹn dá iyanrìn dúró: ó ń kó jọ sí apá ìwọ̀ oòrùn, Bar Beach tó wà ní apá kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lọ. Ọmọ Èkó tó bá gbọ́ èyí á mọ̀ pé iṣẹ́ ilẹ̀ kò tíì parí, pé ó ń lọ lọ́wọ́ ní ìsinsìnyí.

Láti Agége lọ sí Agbádó, ilẹ̀ pupa tó kún fún iyanrìn ni. Coastal Plain Sands ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹ lè kọjá níbẹ̀ kíá.

Ní agbègbè Papalantó àti Ewékoro, ẹ ti dé ibi tó dùn jù. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, tí ìwé ń pè ní limestone, ló wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ó nípọn tó mítà 10 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkun ló tẹ́ ẹ síbẹ̀ ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí omi iyọ̀ bo ibi tí oko ẹ̀gẹ́ wà lónìí. Ìkarahun ẹran omi ṣì ń bẹ nínú rẹ̀ tí ojú lásán lè rí. Òun ló mú kí wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sí Ewékoro, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní 1960.

Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ Abẹ́òkúta, òkúta oníyanrìn ni ẹ ó bá, èyí tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà pè: Abeokuta Group. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ nínú gbogbo àwọn ìpele yìí, ìsàlẹ̀ wọn sì lé ní 100 mílíọ̀nù ọdún, láti ìgbà tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ń ya ara wọn sílẹ̀ tí omi sì ráyè wọ àárín wọn.

Lẹ́yìn náà, Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀: gíráníìtì àti gneiss (àpáta tí ooru àti ìfúnpọ̀ inú ilẹ̀ ti yí padà), àpáta ìpìlẹ̀ tó gbé gbogbo ìyókù dúró. Àwọn gíráníìtì tó wà ní ilẹ̀ Yorùbá sún mọ́ 600 mílíọ̀nù ọdún, àwọn gneiss kan sì wà tó lé ní bílíọ̀nù ọdún méjì.

Ohun kan tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fò: àwọn ìpele wọ̀nyí kò tẹ́ pẹrẹsẹ, ńṣe ni wọ́n rọra da gẹ̀rẹ́ sí ìhà òkun. Ìdí nìyẹn tí èyí tó dàgbà fi ń yọ jáde bí a ti ń lọ sí àríwá. Bí a bá sì gbẹ́ ilẹ̀ Èkó jinlẹ̀ jinlẹ̀, irú àpáta tó wà ní Abẹ́òkúta la ó tún bá nísàlẹ̀.

2. Ẹ kó òkúta jọ

Òkúta márùn-ún tó: iyanrìn etí òkun, ilẹ̀ pupa, òkúta sìmẹ́ńtì, òkúta oníyanrìn, gíráníìtì. Ẹ kò nílò kí ẹ rìn jìnnà. Gíráníìtì wà níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé ní ìlú èyíkéyìí. Ẹ bẹ bíríkìlà kó fún yín ní ẹ̀kúnwọ́ kan. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ṣáàpù sáàndì díẹ̀ kún un. Òkúta sìmẹ́ńtì ló lè ṣòro díẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ń gbé ní agbègbè Ewékoro tàbí Ṣágámù, ẹyọ kan tó tó ìkúùkù ti pọ̀ tó. Ẹ má ṣe fọ́ òkúta lára Olúmọ tàbí níbi òrìṣà kankan. Ibi ọ̀wọ̀ ni.

Ẹ fi ọ̀dà funfun kán àmì kékeré sára òkúta kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà sórí àmì náà nígbà tó bá gbẹ. Nínú ìwé kan, ẹ kọ nọ́ńbà yẹn, ibi tí a ti mú un, ọjọ́ tí a mú un, àti ọmọ tó mú un wá. Èyí jọ nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n òkúta tí a kò mọ ibi tó ti wá kò wúlò mọ́ fún ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá sì wà nínú ìwé yẹn á máa ṣọ́ àpótí náà bíi dúkìá.

Ó lè ṣẹlẹ̀ kí ọmọ kan mú ẹdùn àrá wá láti ilé bàbá rẹ̀ àgbà. Ẹ gbà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má fi ìgbàgbọ́ ilé wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó ń wá ìtàn inú ilẹ̀ sọ pé àwọn èèyàn ìgbàanì ló gbẹ́ ẹ fi ṣe àáké. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wò ó: irú òkúta wo ni ẹni yẹn yàn, kí ló dé tí kò fi yan òkúta sìmẹ́ńtì? Kí ẹ sì rí i pé ó padà sílé lọ́jọ́ náà.

3. Ẹ jẹ́ kí wọ́n họ ọ́, kí wọ́n fi ọsàn sí i

Èyí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ẹ fún un ní àkókò tó pọ̀ jù.

Ẹ kọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ní ẹyọ gíráníìtì kan tí wọ́n ti fọ̀ mọ́. Ẹ ní kí wọ́n yí i nínú oòrùn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á rí i pé kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Èyí tó dà bíi ìgò tó ní eérú nínú ni quartz. Èyí tó funfun tàbí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ojú rẹ̀ tẹ́jú tó sì ń kọ mànà nígbà tí oòrùn bá bà á, feldspar ni. Àwọn dúdú tó ń dán, tí èékánná lè hó kúrò ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mica ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ fún wọn ní gíráníìtì tó ti jẹrà, irú èyí tó máa ń wà níbi tí katakata ti gé òkè láti la ọ̀nà. Ẹ ní kí wọ́n fi ìka méjì rún un. Feldspar ti di amọ̀, ó ń rọ̀ mọ́ ọwọ́. Quartz ṣì le, ó ń họ ìka. Kí ẹ wá da ṣáàpù sáàndì sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni quartz yẹn! Odò Ògùn ń ṣàn kọjá ní Abẹ́òkúta, ó sì ń já sínú ọ̀sà Èkó. Iyanrìn tí wọ́n fi mọ ilé ní Èkó lè ti wà lára àpáta kan lókè odò rí. Mo ti rí i tí kíláàsì tó ń pariwo dákẹ́ wọ̀ọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí yé wọn.

Ìdánwò bí òkúta ṣe le tó: ẹ mú èékánná, ìṣó àti ègé ìgò. Ìṣó á họ òkúta sìmẹ́ńtì, èékánná kò lè họ ọ́. Quartz á họ ìgò. Kí olùkọ́ ló mú ìgò dání o, kó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí etí rẹ̀ má ṣe mú. Bí ẹ bá fẹ́ fi òòlù fọ́ òkúta kí inú rẹ̀ lè hàn, ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e, ẹ wọ jígí, kí àwọn ọmọ sì jìnnà.

Ìdánwò ọsàn: ẹ rẹ́ òkúta sìmẹ́ńtì díẹ̀ di ìyẹ̀fun, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fíníga sí i. Á hó, ìfófòó kéékèèké á yọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí iyanrìn àti gíráníìtì. Nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀. Ẹ wá ṣe é sí èèpo ẹyin tí a lọ̀ àti ìkarahun ìgbín tí a lọ̀. Àwọn méjèèjì á hó bíi òkúta sìmẹ́ńtì. Ẹ má sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ẹ bi wọ́n: kí ló pa ìgbín, ẹyin àti òkúta Ewékoro pọ̀? Ọmọ kan á dá a lóhùn pé bóyá ìkarahun ló di òkúta. Ó gbà á!

Omi bátìrì mọ́tò àti oògùn ìfọ ilé-ìgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì fún ìdánwò yìí, bó ti wù kí ó yára hó tó. Ọsàn wẹ́wẹ́ ti tó.

4. Ike omi àti amọ̀

Ẹ bu ilẹ̀ ọgbà ilé-ìwé sínú ike omi tó mọ́lẹ̀ gaara, ẹ bu omi sí i, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e sójú fèrèsé di ọjọ́ kejì. Iyanrìn á kọ́kọ́ rì, amọ̀ á wà lókè. Bí òkun àti ọ̀sà ṣe ń tẹ́ ìpele nìyẹn.

Láti fi bí ìpele ilẹ̀ ṣe da gẹ̀rẹ́ hàn, ẹ lo amọ̀. Ẹ fi pákó kan dábùú lórí bíríkì kí ó dagun; pákó yẹn ni àpáta Abẹ́òkúta. Ẹ po amọ̀ oríṣi mẹ́ta: èyí tí a fi iyanrìn po, èyí tí a fi ẹfun po, èyí tí a fi yangí lílọ̀ po. Ẹ tẹ́ wọn lé pákó lórí níkọ̀ọ̀kan, oníyanrìn lákọ̀ọ́kọ́, ẹlẹ́fun tẹ̀ lé e, pupa lókè. Kí ẹ wá mú okùn tín-ínrín, kí ẹ fà á ní ọ̀gbọọrọ láti gé orí amọ̀ náà kó tẹ́jú. Lójú ibi tí ẹ gé, àwọ̀ mẹ́ta á jáde ní ìlà-ìlà, pákó á sì yọrí ní ìpẹ̀kun: ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta gan-an, pẹ̀lú Ewékoro láàárín. Mi ò tíì rí àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ṣàlàyé rẹ̀ tó èyí.

5. Ó wá di orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ nílé ṣáájú, tàbí níbi tí Wi-Fi bá wà, kí ẹ ya ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín ní àwòrán. Bí iná bá lọ ní kíláàsì, àwòrán á ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ lè fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí, kí ọmọ lè tún un wò nírọ̀lẹ́.

Google Earth ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá Ewékoro; ihò ńlá tó funfun ràndànràndàn láàárín igbó ni kúárì. Google Earth Pro ti orí kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, máa ń fi àwòrán ọdún àtijọ́ hàn, ẹ ó sì rí bí ihò náà ti ń fẹ̀ sí i. Ẹ tún fa ìlà kan láti etí òkun dé Olúmọ, kí ẹ ní kó fi gíga ilẹ̀ hàn lórí ìlà yẹn. Àwọn ọmọ á rí i pé ilẹ̀ tẹ́jú gbọọrọ láti etí òkun, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní òkè wuruwuru nígbà tí àpáta bá dé.

Lẹ́yìn náà, Macrostrat. Máàpù òkúta gbogbo àgbáyé ni, ọ̀fẹ́ ni; ẹ tẹ ibi tó bá wù yín, á sọ irú òkúta àti ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé máàpù tó ń lò fún ilẹ̀ wa kò kún tó ti Amẹ́ríkà, nítorí náà ẹ lò ó fún àwòrán ńlá: ibi tí àpáta ìpìlẹ̀ parí sí àti ibi tí ìpele etí òkun ti bẹ̀rẹ̀. Fún àlàyé tó sún mọ́ ilé, máàpù ti Nigerian Geological Survey Agency, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti òkúta, dára jù. Wọ́n ń tà á. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àwọ̀ orí máàpù kì í ṣe àwọ̀ ilẹ̀. Bí ibì kan bá pupa lórí máàpù, wọ́n á rò pé ilẹ̀ pupa ni, àṣìrò yẹn sì máa ń pẹ́ lórí wọn.

Ancient Earth, máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi bí ayé ṣe rí láyé àtijọ́ hàn, ni wọ́n máa ń fẹ́ràn jù. Ẹ tẹ orúkọ Lagos sí i, kí ẹ padà sẹ́yìn sí nǹkan bí 120 mílíọ̀nù ọdún. Èkó kò ní wà létí òkun ńlá mọ́. Àríwá ìlà oòrùn Bràsíl ló fẹ̀gbẹ́ tì í. Kí ẹ máa bọ̀ wá sí ìsinsìnyí díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n wo bí Atlantic ṣe ń ṣí. Àwọn ọmọ tó ti gbọ́ nípa àwọn Àgùdà tó padà wá sí Èkó láti Bràsíl máa ń ní ìbéèrè púpọ̀ níbí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè, kí ẹ sì ṣàlàyé pé ilẹ̀ ti yapa kí èèyàn tó wà rárá.

6. Ẹ pe ẹni tó ń fọwọ́ kan ilẹ̀

Ẹ pe agbẹ́kànga tàbí ẹni tó ń gbẹ́ bọ́ọ̀hòlù wá sí kíláàsì, kí àwọn ọmọ kí i dáadáa, kí wọ́n pè é ní Bàbá, kí ó sì jókòó síwájú. Ẹ ti múra ìbéèrè sílẹ̀: Bàbá, kí lẹ kọ́kọ́ ń bá, kí ló tẹ̀ lé e, níbo ni omi ti ń yọ? Kí ọmọ kan ya ohun tó ń sọ sójú pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní apá Agége, inú iyanrìn ni omi wà. Ní Abẹ́òkúta, omi máa ń wà nínú ilẹ̀ tí àpáta jẹrà sí àti nínú àlàfo àpáta, ìdí sì nìyẹn tí kànga ilé kan fi lè kún kí ti aládùúgbò gbẹ lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀kọ́ ìwé kì í wọlé tó èyí.

7. Ìrìn-àjò ọjọ́ kan

Bí owó bá wà, ẹ wọ rélùwéè. Ìlà tuntun Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 ní ibùdókọ̀ ní Agége, Agbádó, Kájọlà, Papalantó àti Abẹ́òkúta, bíi pé wọ́n fi ìlànà ẹ̀kọ́ wa yà á. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé kan tó ń kọ àwọ̀ ilẹ̀ sí ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kúárì kì í ṣe ibi tí a ń yà sí. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà ṣáájú. Bí wọn kò bá gbà, ẹ kọjá lọ. Wọ́n ń fi ohun abúgbàù fọ́ òkúta níbẹ̀.

Ní Olúmọ, ẹ kí àwọn àgbà tó ń tọ́jú ibẹ̀, kí ẹ tọrọ àyè. Ẹ fi àpáta tó yọrí síta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ rẹ̀ nígbà ogun, ní nǹkan bí 1830, han àwọn ọmọ. Kí wọ́n wá wò ó bí ojú àpáta ṣe ń ṣí ní ìpele-ìpele, tí etí rẹ̀ ń yí roboto. Ìgbóná, òtútù àti òjò wà lára ohun tó ń ṣe é. Kí wọ́n wá ìlà funfun tó gba inú àpáta kọjá: quartz tó wọ inú àlàfo tó sì le síbẹ̀ ni. Bí òjò bá rọ̀, ẹ má gun ún lọ́jọ́ náà, àpáta tútù ń yọ̀. Ìwé àṣẹ òbí, omi mímu, bàtà tó le, olùkọ́ kan fún ọmọ mẹ́wàá.

8. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yé wọn

Ẹ má fún wọn ní ìbéèrè a, b, d. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bébà gígùn kan, kí ó ya ilẹ̀ láti òkun dé Olúmọ bí ẹni gé e sí méjì, kó sì lẹ iyanrìn tàbí ìyẹ̀fun òkúta gidi mọ́ ibi tó yẹ. Ìgbà yìí gan-an ni kí ẹ kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àti ọdún sójú pátákó fún WAEC. Wọ́n á mọ ohun tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń pè. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí ìwé kò dáhùn: kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kò fi sí ní Lẹ́kí? Tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé gíga ní Èkó, kí ló dé tí wọ́n fi ń gún òpó wọlẹ̀ jinlẹ̀?

Bí ilé-ìwé yín bá jìnnà sí ọ̀nà yìí

Ní Oǹdó, ẹ lè tẹ̀ lé ọ̀nà láti òkè gíráníìtì Ìdànrè dé Àgbábù, níbi tí ọ̀dà ilẹ̀ (bitumen) ti wà nínú iyanrìn. Ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, òkè quartzite (òkúta oníyanrìn tí ooru àti ìfúnpọ̀ inú ilẹ̀ ti sọ di líle) tó gùn lọ láti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ló yẹ kí ẹ mú: orí rẹ̀ ni omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ti ń ṣubú, àárín àlàfo rẹ̀ sì ni omi gbígbóná Ìkógòsì ti ń yọ ní nǹkan bí 38°C, lẹ́yìn tí omi òjò ti rì jìnnà sínú ilẹ̀ tó sì ti gbóná níbẹ̀. Ní Iléṣà, wúrà inú iyanrìn odò lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn olùkọ́ tó wà ní Ifẹ̀ lè kó ọmọ lọ sí Natural History Museum inú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn ará wa ní orílẹ̀-èdè Benin ní òkúta sìmẹ́ńtì tiwọn ní Onígbólò nítòsí Pobè. Inú agbada ilẹ̀ kan náà (ibi tó jin kòtò tí àwọn ìpele òkúta tẹ́ sí) ló wà pẹ̀lú Ewékoro, agbada náà sì gba Tógò kọjá dé Gánà.

Ìlà tí ẹ bá mú, ẹ rí i pé ó gba ó kéré tán àwọ̀ méjì kọjá lórí máàpù, pé ọmọ mọ ọ̀nà náà, àti pé ẹ lè lọ kí ẹ sì bọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àkójọ òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kí òjò tó dí ọ̀nà.